Bí Ẹ̀dọ̀ Bá Ṣe Dá Oògùn Lóhùn

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sì kú sùúrù.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn aláìsàn mi kì í bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa wo ìwé tó wà níwájú mi, wọ́n á sì gba ilé lọ. Ìgbà tí wọ́n bá padà wá, tí a ti sọ̀rọ̀ tán, tí ọwọ́ wọn ti wà lára ilẹ̀kùn, ìgbà yẹn ni wọ́n á wá yíjú padà: “Dókítà, ṣé mo máa pẹ́ láyé?”

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́, mo máa ń rò pé ọjọ́ tí a rí àìsàn náà ni ìdáhùn wà: bó ṣe le tó, bí ẹ̀dọ̀ ṣe bàjẹ́ tó, ọjọ́ orí aláìsàn. Gbogbo ìyẹn ṣe pàtàkì. Àmọ́ ní báyìí, ohun tí mo máa ń sọ ni pé, “Ẹ jẹ́ ká fún ẹ̀dọ̀ yín lóògùn, ká gbọ́ ohun tó máa wí.” Ó jọ àwàdà, kì í ṣe àwàdà. Èsì tí ẹ̀dọ̀ bá fún oògùn láàárín oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń sọ púpọ̀ jù nípa ọdún tó ń bọ̀. Ohun tí mo wá sọ lónìí nìyẹn.

Àìsàn tí mò ń sọ ni èyí tí ara fi ń gbógun ti ẹ̀dọ̀ ara rẹ̀. Gbogbo wa la ní ọmọ ogun nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbà wá lọ́wọ́ kòkòrò àrùn. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun náà ṣi ẹ̀dọ̀ mú fún ọ̀tá. Kì í ṣe ọtí ló fà á. Kì í ṣe ohun tí èèyàn kó lára ẹlòmíì, kò sì sí bí aláìsàn ṣe lè kó o ran ọkọ, aya tàbí ọmọ. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí mo ti rí ẹni tó ya ife tirẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ilé fún ọdún kan gbáko, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kò nídìí.

Oríṣi mẹ́ta la sábà máa ń rí. Èyí tí mo máa bá pẹ́ jù ni autoimmune hepatitis, mẹ́dọ̀wú tí ara fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, tó ń jẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ gan-an. Ìkejì, primary biliary cholangitis, ń jẹ àwọn ọ̀nà tín-ín-rín tí òróòro ń gbà nínú ẹ̀dọ̀. Ìkẹta, primary sclerosing cholangitis, máa ń fún ọ̀nà òróòro mọ́lẹ̀, kékeré àti ńlá, títí òróòro ò fi rí ibi gbà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àkọ́kọ́ yẹn. Ní ọdún 1950, Jan Waldenström, dókítà ará Sweden, ṣàpèjúwe àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan tí ẹ̀dọ̀ wọn ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí èròjà ìdáàbòbò inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 1956, Ian Mackay àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Melbourne sọ ọ́ ní lupoid hepatitis. Orúkọ ti wà, ìwòsàn ò tíì dájú. Àwọn kan ti ń lo sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó máa ń rọ ọmọ ogun inú ara lójú, àwọn kan sì ń sọ pé ó léwu. Níkẹyìn, ilé ìwòsàn Royal Free ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí Sheila Sherlock, gbajúmọ̀ dókítà ẹ̀dọ̀, wà, pín aláìsàn 49 sí ọ̀nà méjì. Àwọn 22 gba prednisolone, ọ̀kan lára àwọn sítẹ́rọ́ìdì, mílígíráàmù 15 lójúmọ́. Àwọn 27 ò gbà á. Nígbà tí èsì jáde ní 1971, ẹni 3 ló ti kú nínú àwọn 22. Nínú àwọn 27, ẹni 15. Wọn ò fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 10, ìdá 63 nínú 100 àwọn tó gba oògùn ló ṣì wà láàyè, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ ìdá 27 nínú 100.

Mo fẹ́ràn ìwádìí yìí torí bó ṣe ṣe kedere. Àmọ́ ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i: ìdá 63 kì í ṣe 100. Oògùn kan náà ni gbogbo wọn gbé mì, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló yè. Kí ló ya àwọn tó yè sọ́tọ̀? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan, ẹni ọdún 34. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó; ara ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo ti tọ́jú ni mo ti ṣà á jọ. Àárẹ̀ tí oorun ò lè mú kúrò ló gbé e wá. Ìtọ̀ rẹ̀ ti pọ́n kọjá ààlà, funfun ojú rẹ̀ náà ti pọ́n. A yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. ALT ni èròjà tó máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ bá ń fara pa. Ní ọ̀pọ̀ láàbù, tó bá ti kọjá nǹkan bí 40, ó ga. Tirẹ̀ jẹ́ 812. IgG, ìyẹn èròjà ìdáàbòbò tí Waldenström rí pé ó ga, jẹ́ 28, bẹ́ẹ̀ 16 ló yẹ kó jẹ́ òkè ààlà. A gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀, a fi maikirosíkóòpù wò ó, ó dá wa lójú. A bẹ̀rẹ̀ prednisolone mílígíráàmù 40 lójúmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a fi azathioprine, oògùn mìíràn tó ń rọ ọmọ ogun ara lójú, mílígíráàmù 50 kún un.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: 350. Mo mí kanlẹ̀. Ìdí ni pé bí ALT ò bá tíì já sí ìlàjì ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a ní ẹ̀dọ̀ náà ò dáhùn, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa léèrè bóyá àìsàn tí a pè é náà ni. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò mì rárá lábẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, ó lè jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ: 190. Ó ń lọ sílẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń falẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé àwọn tí AST wọn, ìkejì ALT, bá já wálẹ̀ ní ìdá 80 nínú 100 ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni àyẹ̀wò wọn sábà máa ń padà sí déédéé ní oṣù mẹ́fà àti ọdún kan. Ti obìnrin wa yìí kù díẹ̀ káàtó.

Oṣù kẹfà: ALT 58, IgG 18.5. Ara rẹ̀ ti yá, ojú rẹ̀ ti funfun, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó na ìwé náà sí mi: “Dókítà, 812 ló di 58! Ẹ bá mi yọ̀.” Mo bá a yọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ba ayọ̀ ọ̀hún jẹ́ díẹ̀.

Torí 58 kì í ṣe 40, 18.5 kì í sì í ṣe 16. Ní 2022, International Autoimmune Hepatitis Group, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa àìsàn yìí káàkiri ayé, fẹnu kò sí ohun tí a ó máa pè ní ìdáhùn kíkún: kí ALT, AST àti IgG jọ padà sí ààlà tó yẹ, kó má sì ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́yìn tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, kò tíì pé. Àwọn tó bá dé ibẹ̀ lásìkò ni ẹ̀dọ̀ wọn máa ń pẹ́ láìnílò pípààrọ̀. Àwọn tí ò dé ibẹ̀ ni àpá máa ń pọ̀ sí lára ẹ̀dọ̀ wọn, títí yóò fi le gbagidi, èyí tí a ń pè ní cirrhosis. Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Iná orí aṣọ ni 58 yẹn. Ẹ̀dọ̀ kì í dùn èèyàn bó ṣe ń jóná díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló ṣe rọrùn láti fojú fo ìyókù.

Ẹnì kan á ní, ẹ ṣe ń da èèyàn láàmú nítorí 18 tí ALT fi lé ní 40? Ìbéèrè tó dáa ni. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, 18 ò ṣe nǹkan kan. Lọ́dún mẹ́wàá, ojoojúmọ́, ó ń ṣe.

Kí ló wá kàn? Àṣìṣe tí dókítà sábà máa ń ṣe ni kó fi oògùn kún oògùn lójú ẹsẹ̀. Èmi náà ti ṣe é rí. Ohun tó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá oògùn tó wà nílẹ̀ ń dénú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó máa ń wá ohun tí ara ń sọ azathioprine dà. A ṣe é fún obìnrin yìí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òdo.

Mo bi í. Ó wolẹ̀ pẹ́ títí. Azathioprine náà ló ń rìn ín lọ́kàn láràárọ̀, ó ń bì lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, ló bá fi í sílẹ̀ láti oṣù kejì. Prednisolone nìkan ló ń lò. Kò fẹ́ kí n bínú. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò rí ìdí tí màá fi bínú sí i, torí èmi ni mi ò béèrè dáadáa. Ní gbogbo ìgbà tó wá, ohun tí mo ń bi í ni, “Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?” Ta ló máa sọ pé rárá? Láti ìgbà yẹn, bí mo ṣe ń béèrè ni pé, “Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ ò rí i lò? Èwo ló ń yọ yín lẹ́nu jù?” Ẹ ò ní gbà gbọ́ bí ẹnu ṣe ń tú.

A gbé e bọ́ sórí mercaptopurine, ìbátan azathioprine, tí inú ọ̀pọ̀ ẹni tí azathioprine ń rìn lọ́kàn máa ń gbà. Oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, ALT 31, IgG 14.2. Ẹ̀dọ̀ ti dáhùn.

Ká ní ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé tí kò sì débẹ̀ ńkọ́? A lè fi kún azathioprine. A lè lo mycophenolate, tí obìnrin tó lè lóyún ò gbọ́dọ̀ lò láìfètò sí ọmọ bíbí, torí ó máa ń ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Tacrolimus náà wà. Ọ̀nà ò dí, ó kàn ń tín-ín-rín sí i ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ kiní kan nípa sítẹ́rọ́ìdì, torí ìdáhùn kan wà tí kì í ṣe ìdáhùn. Bí a bá ní kí aláìsàn máa lo prednisolone tó pọ̀ fún ọdún gbọọrọ, ALT lè wálẹ̀. Àmọ́ ojú á wú, egungun á máa fẹ́lẹ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á gòkè, oorun á sá. Ẹ̀dọ̀ dáhùn, egungun ń sunkún. Ohun tí à ń wá ni kí àyẹ̀wò dára nígbà tí sítẹ́rọ́ìdì ti kéré tàbí tí kò sí mọ́. Budesonide wà fún àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ò tíì le: ìwádìí kan tó jáde ní 2010 fi hàn pé pẹ̀lú azathioprine, ó ń ṣiṣẹ́, ìnira rẹ̀ sì kéré sí ti prednisone, ìbátan prednisolone. Ẹ̀dọ̀ ló ń pa agbára rẹ̀ kó tó tàn ká ara. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti le gbagidi, kò lè pa á mọ́, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í fún irú wọn.

Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló jẹ́ pé ọjọ́ tí a rí àìsàn náà, ẹ̀dọ̀ wọn ti le tẹ́lẹ̀. Wọ́n máa ń gbọ́ cirrhosis, wọ́n á rò pé ó ti parí. Kò parí. Bí oògùn bá pa iná náà tán pátápátá, àpá ara ẹ̀dọ̀ lè rọ̀, mo ti rí àwọn tí àyẹ̀wò wọn fi hàn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò ní tan yín: ọ̀nà wọn gùn ju ti àwọn yòókù lọ, a sì gbọ́dọ̀ máa fi ultrasound wo ẹ̀dọ̀ wọn ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà nítorí jẹjẹrẹ, bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ dára.

Ti àwọn tí àìsàn náà dé bá lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò dì dáadáa mọ́, ọjọ́ la fi ń kà á. Bí sítẹ́rọ́ìdì ò bá tún nǹkan ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, àwọn tó ń pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ ló yẹ ká ti pè. Dídúró pé “ẹ jẹ́ ká tún wò ó díẹ̀ sí i” ti pa èèyàn.

Ní ti primary biliary cholangitis, ohùn mìíràn ni ẹ̀dọ̀ fi ń dáhùn. Oògùn ibẹ̀ ni ursodeoxycholic acid, mílígíráàmù 13 sí 15 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí aláìsàn wọ̀n. ALP, èròjà tó máa ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ bí ọ̀nà òróòro bá ń bàjẹ́, àti bilirubin, èròjà tó máa ń mú ojú pọ́n, là ń wò, lẹ́yìn ọdún kan. Ẹni tó bá dáhùn dáadáa tí àìsàn rẹ̀ ò tíì jìnnà, ẹ̀mí rẹ̀ lè gùn bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní àìsàn kankan. Ọjọ́ orí wọ̀ ọ́ o: ìwádìí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 àwọn tí wọ́n rí àìsàn náà lára wọn lẹ́yìn ọdún 70 ló dáhùn, nígbà tí ti àwọn tí kò tíì pé ọdún 30 ò tó ìdá 50. Àwọn ọ̀dọ́ tó ní in la gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló máa ń rò pé ara àwọn le. Fún àwọn tí ò dáhùn tó, oògùn ti ń wọlé: bezafibrate, àti elafibranor òun seladelpar tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2024.

Ó kan ìkẹta, èyí tí ó máa ń jẹ́ kí n rẹ ara mi sílẹ̀. Primary sclerosing cholangitis ò tíì ní oògùn tí a fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn oníwádìí rò pé bí ursodeoxycholic acid kékeré ò bá ràn án, èyí tó pọ̀ lè ràn án. Wọ́n fún àwọn aláìsàn ní mílígíráàmù 28 sí 30 fún kílò kan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lóòótọ́, ó wálẹ̀ ju ti àwọn tí kò gba oògùn gidi lọ. Wọ́n ì bá ti jó. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka àwọn tó kú, àwọn tó nílò ẹ̀dọ̀ tuntun, àwọn tí àìsàn wọn burú sí i, ọ̀dọ̀ àwọn tó gba oògùn ló ti pọ̀ jù. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró láìpé. Èsì rẹ̀ jáde ní 2009.

Nítorí náà, mi ò sọ pé kí ẹ máa bọ nọ́ńbà. Nínú autoimmune hepatitis, a gba ẹ̀rí ALT àti IgG gbọ́ torí pé a ti tẹ̀lé àwọn èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì rí i pé ọ̀rọ̀ wọn bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Ẹlẹ́rìí ni nọ́ńbà. Ẹlẹ́rìí kan wà tó ṣeé gbára lé ní ìlú kan, tó jẹ́ pé tó bá dé ìlú kejì, irọ́ ló ń pa. Kódà nínú autoimmune hepatitis, ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣáájú ẹ̀dọ̀: àyẹ̀wò lè dára lónìí kí inú ẹ̀dọ̀ tó rọlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Ìdí nìyí tí a kì í fi sáré gba oògùn lọ́wọ́ èèyàn.

Èyí gbé mi dé orí bébà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti ẹ̀yìn. Ẹni tó kọ ọ́ ò kọ orúkọ: “Àyẹ̀wò mi ti dára láti ọdún kan. Ṣé mo lè dá oògùn dúró?”

Rárá, kò tíì tó àkókò. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí gbogbo àyẹ̀wò wà ní déédéé fún ọdún méjì gbáko láìsí ìgbésókè kankan, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Nígbà náà pàápàá, àwọn mìíràn máa ń fẹ́ ká tún gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ wò, kó lè dájú pé iná ti kú nínú rẹ̀. Ká má parọ́, nínú àwọn tó dá oògùn dúró, láti ìdajì títí dé ìdá 90 nínú 100 ni àìsàn máa ń padà sára wọn, púpọ̀ nínú wọn láàárín ọdún kìíní. Ìgbà kan ṣoṣo tí ó bá padà, tí a tètè rí i, oògùn máa ń tún un mú. Àmọ́ ẹni tó ń dá a dúró, tó ń bẹ̀rẹ̀, tó tún ń dá a dúró, àpá ló ń kó jọ. Èyí tó burú jù ni kí èèyàn dá a dúró fúnra rẹ̀, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kó má sì ṣe àyẹ̀wò.

Obìnrin ẹni ọdún 34 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà béèrè ohun kan náà. Àyẹ̀wò rẹ̀ ti dára fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta nígbà yẹn. Mo to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un: bí a ó ṣe máa dín hóró oògùn kù, bí a ó ṣe máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóṣooṣù níbẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló máa wà lára àwọn tí àìsàn náà máa padà sí. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n ṣì máa lò ó báyìí ná, ọmọ mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ iléèwé.” Ó gba ìwé oògùn rẹ̀, ó sì fi bírò kọ déètì ìgbà tó máa padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.